Kí Ló Dé Tí Bàlúùnù Wa Kò Wú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé. Èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, po yíìsì àti ṣúgà mọ́ omi gbígbóná nínú ike, a sì fi bàlúùnù bò ó lẹ́nu kí ó lè wú. Wákàtí 2 kọjá, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Níbo ni a ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Omi gbígbóná yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé ohun alààyè ni yíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí iyanrìn lásán ni ó rí nínú ọ̀rá. Bí ooru omi bá ti tó ìwọ̀n 60 ti Celsius, kíkú ni yóò kú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó bá a lára mu, láàrin ìwọ̀n 35 sí 40, irú èyí tí ẹ lè fi wẹ ọmọ tuntun láìbẹ̀rù.

Iṣẹ́ tí yíìsì ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ a máa dùn, ṣùgbọ́n kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ yóò ti máa hó, yóò sì ti le, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sí i, nítorí pé yíìsì inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè ti wọ inú rẹ̀, ó sì ń jẹ ṣúgà rẹ̀. Bí ó ti ń jẹ ẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń hó lójú ẹmu, òun ni ó ń wú ìyẹ̀fun búrẹ́dì, òun náà ni ó yẹ kí ó wú bàlúùnù yín.

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ má ṣe é nínú ike kan ṣoṣo. Ike omi 50cl 3 ni kí ẹ lò, kí ọmọ lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé ìdajì ike àkọ́kọ́, kí ẹ fi ṣíbí ìmutíì kan ṣúgà àti ṣíbí kan yíìsì sí i. Ẹ ṣe ti èkejì bákan náà, ṣùgbọ́n láìsí ṣúgà. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ fi omi híhó pa yíìsì nínú ife, kí ó tutù dáadáa kí ẹ tó dà á sínú ike pẹ̀lú ṣúgà. Ẹ fẹ́ bàlúùnù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí ó lè rọ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu ike pinpin.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ike àkọ́kọ́ yóò ti máa hó, bàlúùnù rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ti èkejì lè wú díẹ̀, ti ẹ̀kẹta kò ní mira rárá, bẹ́ẹ̀ ṣúgà àti yíìsì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ike ẹ̀kẹta yìí ju àwọn tó kù lọ. Ohun tí Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ń bá àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ jiyàn lé lórí ní nǹkan bí ọdún 1860 nìyẹn, pé iṣẹ́ ohun alààyè ni híhó yìí, ọmọ yín yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìdérí dé ike náà pa láé. Gíráàmù 4 ṣúgà, ìyẹn ṣíbí ìmutíì kan, lè mú afẹ́fẹ́ bíi lítà kan jáde bí yíìsì bá jẹ ẹ́ tán, ike tí kò ní ọ̀nà àbájáde sì lè bẹ́.

Bí ti àkọ́kọ́ náà bá kọ̀ tí kò wú, a jẹ́ pé yíìsì yín ti pẹ́ jù lórí igbá. Ẹ lọ ra tuntun lọ́wọ́ ẹni tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó tán.