Iyọ̀ òkun ló ń jẹ rìímù yín, ẹ̀gbọ́n

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá wáàsì, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń pa ọkọ̀ lára, lè dá ilà funfun tó ń rìn bí ekòló lórí rìímù ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dúró. Kò lè dá a dúró níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ọ̀dà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi bo rìímù ni iyọ̀ ti ń jẹ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ní láti jẹ́ kí wọ́n ha ọ̀dà náà kúrò títí yóò fi kan ibi tó mọ́, kí wọ́n sì tún un kùn.

Rìímù tí ilà náà kò tíì mú ni wáàsì wúlò fún. Nílùú òyìnbó, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Àgbádárìgì níbí, afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbé e wá.

Nígbà tí rìímù bá ti tutù, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má sì gbà kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi ásíìdì kàn án. Ẹ yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè fọ ẹ̀yìn rìímù, níbi tí eruku bíréèkì ń lẹ̀ mọ́ pẹ̀lú iyọ̀ (èmi gbàgbé ibẹ̀ rí, rìímù méjì ló bá a lọ). Kí ó gbẹ kanrin kí ẹ tó fi wáàsì pa á.

Bí òkúta bá ṣá ọ̀dà náà lára, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó dí i.