Ṣé àfọ̀ṣẹ ni kí èèyàn mọ inú ilẹ̀ láìgbẹ́ ẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹni tó wá yẹ ilẹ̀ wa wò ní Ìjẹ̀bú-Igbó kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó na wáyà sí wọn lára, ó ní igun ilé lápá òsì ni ká gbẹ́ bóhóòlù sí. Owó tó gbà kò kéré. Ọmọ mi ní òótọ́ ni, pé bí wọ́n ṣe mọ inú pílánẹ́ẹ̀tì Mars náà nìyẹn. Ṣé kì í ṣe àfọ̀ṣẹ? Ìyá oníṣòwò gàrí ni mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, Mà. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ rárá.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò amọ̀, ẹ ó fi ìka lù ú. Ìró rẹ̀ á sọ fún yín bó bá ti sán níbì kan, ojú ì báà má rí i. Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ìmìtìtì ilẹ̀ ló sì ń lù ú fún wa. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Òde á rántí ọdún 1984 tí ilẹ̀ mì, tí wọ́n mọ̀ ọ́n lára dé Ṣàgámù àti Ìbàdàn. Tí irú ìmì bẹ́ẹ̀ bá lágbára gan-an, ìgbì rẹ̀ á gba inú ilẹ̀ já sí òdìkejì ayé, ẹ̀rọ á sì kọ ìgbà tó dé sílẹ̀. Oríṣi ìgbì kan wà tí kì í lè gba inú ohun olómi kọjá. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé irin yíyọ́ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 1936, obìnrin ará Denmark kan, Inge Lehmann, fi ìwé tí ẹ̀rọ kọ mọ̀ pé kókó kan, bíi ti inú èso, tún wà láàárín irin yíyọ́ náà. Kò gbẹ́ ihò kankan. Ihò tó jìn jù lọ tí èèyàn tíì gbẹ́, èyí tó wà ní Kola ní Rọ́ṣíà, kò ju 12,262 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ 6,371 kìlómítà ni láti ojú ilẹ̀ dé àárín ayé.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ pé wọn ò gbẹ́ Mars kí wọ́n tó mọ inú rẹ̀, àmọ́ ìmìtìtì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe irin mẹ́rin. InSight, ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní èèyàn nínú, balẹ̀ síbẹ̀ ní November 2018, ó gbé ẹ̀rọ kan sílẹ̀, ó sì gbọ́ ìmìtìtì tó lé ní 1,300 kó tó dákẹ́ ní 2022.

Níbi tí a kò gbé ẹ̀rọ sí ńkọ́? Ẹ mú ẹyin méjì, ọ̀kan síse, ọ̀kan tútù, kẹ́ ẹ ta wọ́n lórí tábìlì bí òkòtó. Ẹ fi ìka dá wọn dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè gbé ìka kúrò. Èyí tó ti jinná á dúró pátá. Èyí tó tútù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, torí inú rẹ̀ kò tíì dúró. Bí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí ni wọ́n fi mọ̀, ní 2007, pé inú rẹ̀ yọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí irin mẹ́rin yín. Ó ń fi méjì ìta rán iná bátìrì sínú ilẹ̀, ó ń fi méjì inú wọn ohun tó ṣẹ́ kù. Bó bá ṣe ń fà wọ́n jìnnà síra ni ìwọ̀n náà ń wọlẹ̀ sí i. Òkúta líle gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Èyí tó ti jẹrà tó sì mu omi á jẹ́ kó kọjá. Lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, irú òkúta jíjẹrà bẹ́ẹ̀ àti ẹ̀là inú òkúta lomi ń fara pamọ́ sí, ó sì lè wà ní igun kan kó má sí ní igun kejì.

Amọ̀ ló máa ń tan wá. Iná ń gba inú amọ̀ kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tú omi sílẹ̀. Irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Mars náà: ní 2021 wọ́n ní láti àárín kókó rẹ̀ dé etí jẹ́ nǹkan bí 1,830 kìlómítà, ní 2023, wọ́n rí i pé òkúta yíyọ́ ló bò ó, pé kókó gan-an kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi í pé ibi mélòó ló wọ̀n, kẹ́ ẹ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, ẹ bu èérún tó ń jáde sínú ike ní mítà mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi wé ohun tó kọ. Tó bá jẹ́ amọ̀ lásán ni ẹ ń rí níbi tó ti ní omi wà, ẹ pè é kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ kọjá ibẹ̀.