Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà fi fẹ́ràn ọkọ̀ alágbára (muscle car) tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè wọn?

Agbára tí apá wọn ká ló fà á. Lọ́dún 1964, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Pontiac gbé ẹ́ńjìnnì V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) oní-lítà 6.4, èyí tó yẹ ọkọ̀ ńlá, ó kì í sínú ọkọ̀ rẹ̀ Tempest tó kéré sí i, ó sì pè é ní GTO. Agbára ẹṣin 325 ló ní. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni. Ọjà bọ́ sákòókò gan-an.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Dúró ti V8 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí, wàá rí i bó ṣe ń kù rìrì gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọnú àyà. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọn, ara ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi gbà pé èyí gan-an ló ń mú ọ̀dọ́ lọ́kàn ju eré sísá lọ.

Owó ìbánigbófò tó wọ́n fún ọ̀dọ́, òfin èéfín àti ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 dá irú ọkọ̀ yìí dúró fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n Mustang ti iléeṣẹ́ Ford, tó jáde ní April 1964, ṣì ń jáde pẹ̀lú V8.