Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Táyà H/T ni àbí A/T?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Prado 2012 ni mò ń gùn, ìwọ̀n táyà rẹ̀ 265/65R17. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kí n má dé Èkó, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù mo máa ń lọ sóko lẹ́yìn Ìdí-Ayunrẹ́, ọ̀nà yangí bíi kìlómítà 7. Táyà mi ti jẹ. Ẹni tó ń tà á ní kí n ra A/T (All-Terrain, táyà tó wà fún onírúurú ọ̀nà), pé òun ló lágbára jù, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Òǹkàwé, Àkóbọ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: A/T lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí òkúta ni agbára yẹn wúlò fún. Ohun tí ẹ nílò lórí márosẹ̀ Èkó nígbà òjò ni táyà tó ń di ọ̀dà mú, H/T (Highway Terrain, táyà ọ̀nà ọlọ́dà) ló sì mọ ìyẹn ṣe.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. H/T ní ipa gbọọrọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí i po, ibẹ̀ lomi ń gbà sá jáde. Ẹ ó tún rí àwọn ìlà tín-ín-rín bí ẹni fi abẹ fín in. Wọ́n ń gbá omi tó kù lórí ọ̀dà kúrò kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. A/T ní tirẹ̀, ègé rọ́bà ńláńlá ló wà lójú rẹ̀, àlàfo fífẹ̀ sì wà láàárín wọn kí ẹrẹ̀ lè ráyè bọ́ dànù. Àlàfo yẹn náà ló fà á tí rọ́bà tó ń kan ọ̀dà fi dín kù. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì nínú òjò, A/T sábà máa ń sáré kọjá ibi tí H/T yóò ti dúró. Ó tún wúwo, ó ń fi epo ṣòfò díẹ̀, bí eré bá sì ti tó 100, á máa kùn bí oyin.

Ọ̀nà yangí tí òkúta rẹ̀ mú ni ẹ ti máa mọyì A/T, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í tètè ya. Ojú rẹ̀ tún jìn, tuntun sábà máa ń tó mílímítà 10 sí 12, nígbà tí ti H/T jẹ́ bíi 8 tàbí 9. Àmọ́ amọ̀ tó ń lẹ̀ máa ń dí àlàfo A/T náà. Bó bá ti dí pa, yíyọ̀ náà ni yóò máa yọ̀.

Kìlómítà 14 ni àlọ àtàbọ̀ oko yín lóṣù, ti Èkó lé ní 200 lọ́sẹ̀. H/T ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá dé yangí, ẹ rọra máa lọ ní 30. Ká ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ ń lọ sóko, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, A/T là bá ní kí ẹ mú.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 265/70R17 rọ́pò tiyín. Ó fi bíi mílímítà 26 ga jù, ó lè máa ha ara ọkọ̀, eré tí ẹ sì ń sá yóò fi bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí ọkọ̀ ń fi hàn yín lọ. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìwọ̀n náà: 112S túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 1,120, S sì ni eré 180. Ẹ má gba èyí tó kéré sí tara ọkọ̀ yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ má rà á rárá, ẹ ò lè mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, òpin ohun tó lè gbà ni, ẹ má jẹ́ kí fọ́kánáísà fi ṣe òdiwọ̀n. Òwúrọ̀ tí táyà ṣì tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí rẹ̀ méjèèjì ni yóò jẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á gbóná, ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ́. Bó bá pọ̀ jù, àárín nìkan ló máa jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi A/T méjì sẹ́yìn Prado mi, kí n fi H/T méjì tó ṣì dáa sílẹ̀ níwájú?
Òǹkàwé, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Prado fi ń wọ́ ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí táyà iwájú àti tẹ̀yìn ò bá ga bákan náà, jíà tó ń pín agbára láàárín wọn kò ní sinmi, yóò máa gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Ẹ ki igi ìṣáná bọ ipa àárín H/T yín, ẹ fi èékánná sàmì síbi tó dé, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí rúlà. Bí kò bá tó mílímítà 3, ẹ ra tuntun mẹ́rin. Bó bá ṣì jìn dáadáa tí owó ò sì tó, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an méjì, kí ẹ fi tuntun sẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ yọ̀ nínú omi, bó ti wù kí ẹ yí ọwọ́ tó, ọkọ̀ kò ní gbọ́.