Èsì: Kí ni kí n fi bo ògiri yàrá ẹja mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó táńkì ẹja mẹ́rin sí yàrá kan nílé, ẹ wá ń bèèrè bóyá POP, plywood tàbí táìsì ló yẹ lára ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi POP síbẹ̀ rárá. Ọ̀rinrin tó ń jáde lójú táńkì kì í sinmi tọ̀sán-tòru, POP á sì máa fà á mu títí á fi rọ̀. Tèmi, ìka lásán ni mo fi tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ló bá wọlé bí ẹ̀bà. Plywood ńkọ́? Yóò wú ni, etí rẹ̀ á sì máa ṣí bí ìwé tó bọ́ sómi.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dáadáa ló dáa jù. Ẹ lẹ táìsì dé ibi tómi lè ta dé, kí ẹ fi ọ̀dà olóròóró kun ìyókù, kí òórùn rẹ̀ sì lọ tán kí ẹja tó wọlé. PVC, ìyẹn pátákó oníke tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, ò burú, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa bu láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Fáànù tó ń fa atẹ́gùn síta ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹ bo ojú táńkì pẹ̀lú.

Ẹ má sì gbé táńkì kọ́ ara ògiri o! Omi lítà 200, kílò 200 ni, a ò tíì ka gíláàsì àti òkúta.

Ṣé omi iyọ̀ ni àbí omi lásán? Bó bá jẹ́ oníyọ̀, ìṣó onírin yín á tètè dípẹtà.