Òrùlé Ń Jò, Onílé Wà ní Òkè Òkun: Ta Ni Kí Ayálégbé Kọ̀wé Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ilé oníyàrá méjì ni mo yá ní Sùúrùlérè, ní Èkó. London ni onílé ń gbé, alábòójútó ló sì ń gba owó ilé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni òrùlé balùwẹ̀ ti ń jò; gbogbo ìgbà tí mo bá pe alábòójútó, á ní òun yóò bá onílé sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onílé pè mí, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan nípa òrùlé, ó sì ní kí n san owó ilé tó ń bọ̀ sí àkáǹtì òun. Alábòójútó ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Kí ni kí n ṣe? — Ayálégbé, Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé àdéhùn yín wò, nítorí ẹni tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ pé kó máa gbowó ni kí ẹ san án fún. Bí onílé bá fẹ́ yí i padà, kó fi ìwé tó fọwọ́ sí ránṣẹ́, kí alábòójútó náà sì rí i. Ìpè fóònù nìkan kò tó. Ẹni yòówù kó gbà á, ẹ gba rìsíìtì. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, là á kalẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ san án, orúkọ onílé àti tiyín, ibi tí ilé wà, iye owó náà àti àsìkò tó wà fún.

Ní ti òrùlé, ẹ dẹ́kun sísọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: “Páànù ti ṣí lókè fèrèsé balùwẹ̀, àjà ti ń rà, omi sì ti ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná.” Ẹ fi fọ́tò sí i, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí alábòójútó àti onílé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. (Bí omi bá ti kan wáyà lóòótọ́, ẹ pa iná ibẹ̀ lónìí, kí ẹ tó kọ̀wé rárá.) N kò dá alábòójútó lẹ́bi tán, torí ó lè jẹ́ pé onílé ni kò yọ̀ǹda owó àtúnṣe rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ onílé, kí èsì sì padà dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, bí onílé bá tún pè yín, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù pé wọ́n lè lé yín jáde pa yín lẹ́nu mọ́. Bí ọdọọdún lẹ ń sanwó, tí àdéhùn yín kò sì sọ nǹkan mìíràn, oṣù 6 ni òfin náà fún yín lẹ́yìn tí wọ́n bá fún yín ní ìwé pé kí ẹ kó jáde. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá yín lóhùn, ẹ kó ẹ̀dà lẹ́tà àti rìsíìtì yín lọ sí Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí irú aáwọ̀ báyìí láìgba owó.