Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí ibojì bàbá àgbà ní Hong Kong, mọ́mì mi ní mi ò gbọdọ̀ lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Manchester ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ará Hong Kong ni àfẹ́sọ́nà mi, ó ti di ọdún mẹ́ta tá a ti ń bá ara wa bọ̀. Àwọn òbí ẹ̀ ní kí n bá wọn lọ sílé ní April 2026 kí n lè mọ ẹbí, pé a máa lọ sí ibojì bàbá àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní Ching Ming, wọ́n á gbé oúnjẹ lọ, wọ́n á tan tùràrí, wọ́n á tẹrí ba. Mo wo kàlẹ́ńdà, Sunday Àjíǹde gan-an ló bọ́ sí! Mọ́mì mi ní tí mo bá lọ foríbalẹ̀ fún òkú ará Ṣáínà, kí n má wulẹ̀ padà wá sílé àwọn. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò fẹ́ ṣe ohun tí ọkàn mi ò gbà, mi ò sì fẹ́ tàbùkù àwọn tó máa di àna mi. Kí ni kí n ṣe? Kí ni mo máa wọ̀, kí ni mo máa gbé dání?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o káre tó o béèrè nísinsìnyí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi, ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń gba àwọn lọ́kọláya tí ìlú wọn ò papọ̀ nímọ̀ràn, mo sì gbé Hong Kong fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi náà ti bá wọn gun òkè yẹn nínú oòrùn àti nínú òjò.

Jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti Àjíǹde kúrò ńlẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Oòrùn ni wọ́n fi ń ka Ching Ming, kì í ṣe òṣùpá bíi ti ọdún tuntun wọn, nǹkan bí ọjọ́ 15 lẹ́yìn ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn dọ́gba, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jìnnà sí April 4 tàbí 5. Ní 2026 òun àti Àjíǹde jọ pàdé ní April 5 lóòótọ́, débi pé ìjọba Hong Kong sún holiday àwọn méjèèjì síwájú, wọ́n á gba Monday 6 àti Tuesday 7. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í lọ lọ́jọ́ náà gan-an nítorí èrò, wọ́n á lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà ní kí àfẹ́sọ́nà ẹ béèrè ọjọ́ tí ilé tiwọn fẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ Sunday yẹn náà ni, àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń lọ, wàá ti bọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀, wàá sì rí ìsìn ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ó yá, ti mọ́mì. Ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni "foríbalẹ̀", mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí létí tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn ń gbóòórùn ojúbọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ní Hong Kong láyé ìsinsìnyí ni pé wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ ìbàdí síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Àwọn ilé tó ṣì ń kúnlẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìwọ tó o ń kúnlẹ̀ kí bàbá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò, ìkúnlẹ̀ ti di ìsìn lójú tiẹ̀ ni? Kó o tún rọra bi mọ́mì léèrè pé, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣe ìrántí bàbá wọn, tẹ́ ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ lọ sí ibojì, tí wọ́n gbé òdòdó kalẹ̀ tí wọ́n sì ní "Bàbá, ẹ sùn ire o", ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?

Mi ò ní kó o fi ìyẹn ṣẹ́gun wọn o. Ọ̀rọ̀ náà le lóòótọ́, kódà ó fa ìjà láàárín àwọn Kátólíìkì ju 200 ọdún lọ. Àwọn àlùfáà Jesuit tó kọ́kọ́ wọ Ṣáínà ní ìbọláfúnni ni, àwọn ẹgbẹ́ àlùfáà míì ní ìbọ̀rìṣà ni, ni Póòpù Clement kọkànlá bá fòfin dè é ní 1715, Benedict kẹrìnlá tún kan ìṣó mọ́ ọn ní 1742, àfi ìgbà tó di 1939 kí Pius kejìlá tó ní kò burú kí Kátólíìkì tẹrí ba níwájú òkú tàbí fótò ẹ̀, pé ọ̀wọ̀ lásán ni. Nínú àwọn Onígbàgbọ́ Hong Kong tí kì í ṣe Kátólíìkì, ọ̀pọ̀ ò ní fọwọ́ kan tùràrí títí dòní, òdòdó ni wọ́n ń gbé lọ, wọ́n á tẹrí ba díẹ̀, wọ́n á gbàdúrà sínú. Tí póòpù tó pọ̀ tó báyẹn bá ronú sí i fún igba ọdún ó lé, kò yẹ ká retí pé kí mọ́mì ẹ rò ó tán lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tó o máa ṣe ni pé kó o pinnu nílé. Èwo ni wàá ṣe, èwo ni o ò ní ṣe? Tùràrí ńkọ́? Ìtẹríba ńkọ́? Oúnjẹ yẹn, wàá jẹ ẹ́ àbí o ò ní jẹ ẹ́? Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn ará Kọ́ríńtì sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí dáadáa, lọ kà á fúnra ẹ. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, sọ fún àfẹ́sọ́nà ẹ, kí òun fi èdè wọn sọ fún ìyá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Torí kì í ṣe pé èèyàn ò mú tùràrí ló ń ba nǹkan jẹ́. Mo wà níbì kan rí tí àǹtí ọkọ na igi tùràrí mẹ́ta sí ọmọbìnrin wa kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn, ó ń mi orí, kò sẹ́ni tó ti sọ nǹkan kan fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn ò rí ẹ̀sìn níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ tó kọ̀ láti kí bàbá wọn lójú gbogbo ẹbí, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí bọ́ọ̀sì fi dé.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ tí ò ní tùràrí nínú. Béèrè bóyá sàréè orí òkè ni àbí ògiri, torí ilẹ̀ wọ́n ní Hong Kong bí ojú, òkú tí wọ́n bá sin sí itẹ́ òkú ti ìjọba, ọdún mẹ́fà péré ni, wọ́n á hú egungun ẹ̀ jáde, púpọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé iná ni wọ́n ń fi sun òkú, eérú ẹ̀ á wà nínú ihò kékeré lára ògiri, wọ́n á fi òkúta pẹlẹbẹ dé e, orúkọ àti fótò á wà lójú ẹ̀. Wọ́n ṣì ń pe lílọ náà ní baai saan, ìyẹn ni pé kéèyàn lọ júbà òkè, kódà tó bá jẹ́ lífítì ló gbé wọn dé iwájú ògiri. Tó bá jẹ́ sàréè, wàá tu koríko, wàá gbálẹ̀, ẹnì kan á mú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ àti ọ̀dà pupa, á máa tọ ojú lẹ́tà orúkọ tó ti ṣá, kó má bàa yà. Tó bá jẹ́ ògiri, gba tówẹ́ẹ̀lì kó o nu fótò bàbá. Mo mọ ìyàwó kan tí ìyá ọkọ ẹ̀ yan iṣẹ́ fótò yẹn fún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Bó ṣe máa rí nìyí. Wọ́n á to adìyẹ sísè odindi sílẹ̀ tòun ti orí ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sísun tí awọ ẹ̀ gan bíi páńdòrò, ọsàn, ife ọtí kékeré mẹ́ta, ife tíì mẹ́ta, àti àwọn igi tí wọ́n fi ń jẹun. Tí bàbá bá fẹ́ràn bíà tàbí sìgá nígbà ayé ẹ̀, wàá bá a níbẹ̀. Àgbà ló ń kọ́kọ́ kí i, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sórí ọmọdé, ìwọ àti àfẹ́sọ́nà ẹ lẹ ó jọ jáde. Á ní "Yeh yeh", ìyẹn bàbá tó bí bàbá ẹ̀, á sọ ẹni tó o jẹ́ fún wọn. Máa fetí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í mú ọ̀rẹ́bìnrin lásán débẹ̀, ìyàwó ilé ló ń lọ. Mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ ni wọ́n ń bá ẹ ṣe, ó kàn jẹ́ pé ẹnì kan nínú àwọn tó yẹ kó rí ẹ ò lè dìde mọ́.

Tó o bá gba tùràrí, ọwọ́ méjèèjì ni kó o fi gbà á. Tí iná bá ń jó lórí ẹ̀, má fẹnu fẹ́ ẹ o! Èmi fẹ́ ẹ fùù lọ́dún àkọ́kọ́, màmá kan já a gbà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ni wọ́n ń jù fìrìfìrì títí iná á fi kú tá á ku èéfín. Àwọn ilé kan tún ń fi ọwọ́ òsì gún un sínú eérú, tó jẹ́ pé nílé wa wọ́n á ti gbá ẹ lọ́wọ́. Wo ẹni tó ṣáájú ẹ kó o ṣe bíi tiẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ta ọtí yẹn sílẹ̀, o mọ ìyẹn dáadáa, a ò nílò àlàyé.

Wọ́n á wá sun bébà. Aṣọ bébà, bàtà bébà, mo ti rí fóònù bébà tòun ti ṣájà ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kó o mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni owó bébà, torí ó ṣeé ṣe kó o rí HELL BANK NOTE lójú ẹ̀ gàdàgbà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì míì á sì gbéra sáré. Kì í ṣe ọ̀run àpáàdì tiwa. Ní èrò tiwọn, ibì kan wà bíi kóòtù tí gbogbo òkú ń gbà kọjá, rere àti búburú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni wọ́n kàn fi túmọ̀ ẹ̀. Dúró sí ibi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ èéfín sí ẹ lójú. Omi ni kó o bá wọn gbé dání, iná igbó pọ̀ lórí òkè Hong Kong lásìkò yìí.

Aṣọ: dúdú, eérú, búlúù tó dúdú, funfun. Jọ̀ọ́, fi aṣọ òkè pupa àti gèlè sílẹ̀ di ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọ̀ ìdùnnú ni pupa lọ́dọ̀ wọn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí àtẹ̀gùn àti ẹ̀fọn. Má tẹ orí sàréè ẹlòmíì, má nawọ́ tọ́ka sí i, béèrè kó o tó ya fótò, má sì kí ẹnikẹ́ni pé "Happy Ching Ming". Tó o bá lóyún tàbí o wà nínú nǹkan oṣù, àwọn àgbà kan lè ní kó o dúró sílé, má bínú sí wọn.

Ohun tó o máa gbé dání ò pọ̀. Ọsàn tàbí ápù fún ibojì, má jẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin, torí mẹ́rin àti ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà létí wọn. Tó o bá fẹ́ gbé òdòdó, funfun tàbí yẹ́lò ni, ṣùgbọ́n má gbé irú ẹ̀ wọlé fún ìyá àgbà tó ṣì wà láàyè. Fún àwọn òbí ẹ̀, mú bísíkíìtì Manchester tó dáa, má ra aago, torí "fífún èèyàn ní aago" ń dún bí "sísin èèyàn dé ibojì" lédè wọn. Tí wọ́n bá wá jókòó jẹun lẹ́yìn ẹ̀, tí ẹnì kan bá fi ọ̀bẹ ńlá wọn tó fẹ̀ pẹlẹbẹ bí àáké gé awọ ẹlẹ́dẹ̀, tó gbé èyí tó ró kàkà jù síwájú ẹ, tí ọkàn ẹ ò sì gbà á, gba ọsàn kan kó o bó o, kó o pín in fún màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kó o tó jẹ tìẹ.